Ohùn Bàbá Nínú Kọ̀ǹpútà

Sátidé, ìrọ̀lẹ́

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ wa fọhùn lónìí. Mo yọ dráífà, ètò inú rẹ̀ tó ń darí ohùn, kúrò, mo fi ti tẹ́lẹ̀ sí i padà, mo pa á, mo tún un tàn.

Nítorí Bàbá ni. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà yìí nìkan ni ohùn rẹ̀ tí a gbà sílẹ̀ kù sí, níbi tó ti ń sọ ìtàn ìgbà èwe rẹ̀ lórí Òkè Ìdànrè.

Bó ṣe gbọ́ ohùn ara rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀.

“Pa á, Fúnmi,” Màmá sọ. “Ò ń dá a lóró.”

Bóyá òótọ́ ni... Mo nawọ́ láti pa á. Bàbá di ọwọ́ mi mú. Ètè rẹ̀ ń tẹ̀lé ìtàn náà.

Màmá fa àga, ó jókòó tì í.