Pọ́ńpù Tó Ń Jí Fúnra Rẹ̀ Nínú Ọkọ̀ Oyèwálé

Ilé Oyèwálé,
Riverdale Park, Maryland.

Ọmọ́jọlá ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà ní Èkó níbẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí omi bo ilẹ̀ yóò máa ṣọ́ ọ. Ara mi le, àfi orúnkún. Stephanie ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ló máa ya lẹ́tà yìí sínú fóònù tó máa fi ránṣẹ́ sí ọ, nítorí náà má ti fóònù rẹ bọ àpò tó há, kí ìwé náà má baà rún.

Àlàáfíà ni gbogbo wa wà. Wọ́n ti gbé Felicia ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ga níbi iṣẹ́, a sì ti ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Aago kan wà lẹ́nu ọ̀nà wọn tó ní ojú. Mo máa ń kí i láràárọ̀ kó má baà pè mí ní agbéraga, lọ́jọ́ kan ló bá dá mi lóhùn, ohùn Oyèwálé ẹ̀gbọ́n rẹ gan-an ló sì fi dáhùn, ó ní kí n wọlé, ìrì ń sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé ni ti ọkọ̀ ojú omi. Oyèwálé ra àlòkù kékeré kan, ó gbé e sórí ilẹ̀ létí odò tí kò jìnnà sílé, ó ní torí mi lòun ṣe rà á. O mọ̀ pé láti ìgbà tí ọkọ̀ bàbá yín ti gba omi lórí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, tó ń fi igbá gbọ́n ọn títí apá rẹ̀ kò fi ká a mọ́, tí omi sì gbé e lọ, mi ò fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ ojú omi mọ́. Mo ní mi ò lọ. Kò bá mi jiyàn, ó kàn ní òun máa wá ohun tí yóò máa gbọ́n omi inú rẹ̀. Mo rò pé òṣìṣẹ́ ló fẹ́ gbà, mo sì béèrè ibi tí ẹni náà yóò máa sùn.

Àṣé pọ́ńpù ni. Ó mú mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Forestville tí wọ́n ti ń tà á, wọ́n to kékeré àti ńlá sórí pẹpẹ bí ìkòkò ọbẹ̀. Obìnrin tó ń tajà, Kamilah lorúkọ rẹ̀, ní agbára tí wọ́n kọ sára pọ́ńpù máa ń dín kù tó bá fẹ́ ti omi gba inú rọ́bà lọ sókè, nítorí náà ká má ra èyí tó kéré jù. Ó yé mi: bí ọmọ tó ń jẹ òkèlè iyán ńláńlá nílé ìyá rẹ̀, tó dé ilé àna tó ń fi ìka kan jẹ ẹ́ ni. Ńlá sì máa jẹ bátìrì tán, ni Oyèwálé bá mú àárín. Nǹkan kékeré kan tún wà tí wọ́n máa ń fi sí ẹ̀gbẹ́ pọ́ńpù náà. Bí omi bá pọ̀, á léfòó, á jí pọ́ńpù. Bí omi bá tán, àwọn méjèèjì á sùn. Mo béèrè bóyá wọ́n ní irú rẹ̀ fún Taofeek tó ń bá mi ṣọ́ ilé, wọ́n ní kò sí.

Ó gbé pọ́ńpù náà sí ìsàlẹ̀ pátápátá níbi tí omi máa ń wọ́ sí, ó gba òkè fa wáyà rẹ̀ kó má baà mu omi, ó so ó mọ́ bátìrì. Ìyẹn dára. Lẹ́yìn náà ló mú ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lu ihò sára ọkọ̀ náà! Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, torí ní abúlé wa, ẹni tó bá lu ọkọ̀, ọ̀tá ni. Ó ní ibi tí omi máa gbà jáde ni, ó ga ju ibi tí odò lè dé lọ. Mo lọ jókòó sínú mọ́tò, mo ń ka Sáàmù. Nígbà tó parí, ó da omi sínú ọkọ̀ kí n lè rí i. Pọ́ńpù jí, ó tu omi dànù, ó sùn. Mo ní kó tún dà á, ó tún jí. Bí mo ṣe gbà nìyẹn.

Lọ́jọ́ tí a lọ, wọ́n wọ̀ mí ní ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, mo jókòó sẹ́yìn, Felicia àti Stephanie wà níwájú. Odò náà dákẹ́. Mo ti ń gbádùn ara mi nígbà tí mo rí i pé ọkọ̀ ń tọ̀. Mo wo ibòmíràn. Ó ń tọ̀ ṣáá, àwọn òyìnbó kan sì ń bọ̀ nínú ọkọ̀ tiwọn, ojú wá ń tì mí. Mo rọra sọ fún Oyèwálé pé, "Ọkọ̀ rẹ ń tọ̀ o, kò sì fẹ́ dá a dúró."

Ó yíjú padà, ó wo ìdí ọkọ̀, ojú rẹ̀ yí. Àṣé ihò kan wà nídìí rẹ̀ tí wọ́n máa ń ṣí sílẹ̀ kí omi òjò lè ṣàn jáde nígbà tí ọkọ̀ bá wà lórí ilẹ̀, kò sì rántí dí i kó tó tì í sínú odò. Odò ń wọlé, pọ́ńpù ń tu ú dànù, àwa ń rẹ́rìn-ín. Ó tọwọ́ bọ ìsàlẹ̀, ó dí i. Pọ́ńpù ò sinmi, ó ń gbọ́n ọn títí inú ọkọ̀ fi gbẹ, ó wá dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ yíjú sí mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ ká padà."

Mo ronú kan bàbá yín, tó dá wà lórí ọ̀sà, tí kò sí ẹni tó máa gba igbá lọ́wọ́ rẹ̀ kó sinmi díẹ̀. Mo sunkún, ẹkún tó ti pẹ́ nínú mi. Nígbà tí mo nu ojú tán, mo ní kó máa lọ, mo fẹ́ rí ibi tí odò náà yà sí.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ sí Taofeek kó fi ra páànù, òrùlé ẹ̀yìnkùlé ti ń jò. Má fi í sí báǹkì, kò mọ ẹnì kankan níbẹ̀. Ilẹ̀ Èkó ò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, wàá jẹun ọmọ, ojú ayọ̀ la ó fi rí ara wa.

Èmi ìyá rẹ,
Èyíwùnmí.