Má Ṣe Dúpẹ́ Níwájú Dókítà

Bàbá mi àtàtà, béèsì àgbà,

Mo kí yín láti Àkúrẹ́. Òjò ń rọ̀ sórí páànù bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, ìyàwó yín ń din dòdò nílé ìdáná, òórùn rẹ̀ kò sì jẹ́ kí n lè jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ rántí pé ẹ kì í pè é ní ìyàwó mi. Ìyàwó tiyín ni, ẹ máa ń ní èmi kàn ń bá yín tọ́jú rẹ̀ ni. Ó ṣì ń fi ọ̀rọ̀ náà halẹ̀ mọ́ mi. Bí èdè-àìyedè bá ṣẹlẹ̀, á ní òun yóò fẹjọ́ mi sun ọkọ òun gan-an.

Ìròyìn tí mo ní kò burú. Ẹ̀jẹ̀ ríru yín ti mọ ọ̀nà ilé mi. Ẹ fi ohùn sílẹ̀ fún mi, ẹ fi etí ńlá sílẹ̀ fún mi, ẹ tún wá fi èyí kún un. Ẹ ṣeun, bàbá. Kí ló dé tí ẹ kò fún àbúrò mi ní tirẹ̀ níbẹ̀?

Dókítà tí mo ń lọ rí jẹ́ ọmọbìnrin kan, kò lè fi bẹ́ẹ̀ ju ọmọ mi àgbà lọ. Ó fún mi ní oògùn méjì, ó ní ojoojúmọ́ ni kí n máa lò wọ́n, bí ara yá, bí ara kò yá. Ọ̀kan nínú wọn, iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa fa omi jáde lára. Bàbá, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ o. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ lò ó ni mo wọkọ̀ lọ sí Oǹdó. A kò tíì dé Ọ̀wẹnà tí mo ti bẹ dẹ́rẹ́bà kí ó dúró. A dé Bọ́lọ́rundúró, mo tún bẹ̀ ẹ́. Ó wò mí nínú dígí, ó ní, "Bàbá, ṣé oko yín ló wà lójú ọ̀nà yìí ni, tí ẹ fi ń bomi rin ín?" Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe ohun tí mo fẹ́ ṣe.

Èkejì ló fẹ́ bá mi jà ní tòótọ́. Ikọ́ ló gbé dé. Kì í ṣe ikọ́ òtútù, kò ní kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ọ̀fun kàn ń yún mi ṣáá ni. Bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì, á gé ọ̀rọ̀ mọ́ mi lẹ́nu. Ní ṣọ́ọ̀ṣì ló burú jù. Bí àlùfáà bá ní kí a dákẹ́ gbàdúrà, ìgbà yẹn gan-an ni yóò bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá akọrin wá ń wò mí bí ẹni tó jí ẹran jẹ. Ìkórè sì ń bọ̀ ní Oǹdó. Wọ́n ti bẹ̀ mí kí n wá kọ apá béèsì tí ẹ máa ń dá kọ, èyí tí ẹnikẹ́ni kò kọ láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ẹ mọ bí ó ṣe wù mí tó. Inú balùwẹ̀ ni mo ti ń fi í dánra wò, ikọ́ ló sì ń bá mi parí rẹ̀.

Mo padà lọ rí dókítà lọ́jọ́ tó dá fún mi. Ó ní, "Báwo ni ara yín, sà?" Mo ní, "A dúpẹ́, dókítà. Ara le." Ó ní, "Kò sí ìyọnu kankan?" Mo ní, "Kò sí o, Ọlọ́run ló ń ṣe é." Ó kọ oògùn kan náà fún mi, mo gbà á, mo sì ń wúkọ́ lọ títí mo fi dé ẹnu géètì. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe kọ́ wa? Ẹni tó bá béèrè àlàáfíà ẹni, ọpẹ́ là á fi dá a lóhùn. A kì í ka àìsàn sí ẹni tó kí ni létí. Ọmọ tí ẹ kọ́ yanjú ni mí, ẹ̀kọ́ ilé náà sì fẹ́ẹ́ pa mí.

Nígbà tí Ìkórè kù díẹ̀, mo pinnu pé n óò fi oògùn yẹn sílẹ̀ ná. Bí mo bá kọrin tán, n óò padà sí i. Mo ti tẹ̀ ẹ́ jáde nínú páálí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé e sórí tábìlì, mo ń wò ó, òun náà ń wò mí. Bẹ́ẹ̀ ni Màmá pè mí lórí fóònù láti Oǹdó, láti béèrè bóyá n óò jẹ iyán bí mo bá dé. Ṣé wọ́n ń béèrè ìyẹn lọ́wọ́ ọmọ Oǹdó? Mo fẹ́ dáhùn, ikọ́ dé. Mo wú u títí. Nígbà tí mo ṣe tán, mo ní kí Màmá má bínú.

Ó wá ní, "Ikọ́ bàbá rẹ nìyẹn."

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohun tí ẹ fi pamọ́ fún gbogbo wa. Màmá ní oògùn yín náà mú yín wúkọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sì fi í sílẹ̀ nítorí orin Àjíǹde. Dókítà yín, ọmọ tí ẹ kọ́ nílé ìwé ni. Nígbàkigbà tó bá béèrè ara yín, ẹ óò ní ẹ dúpẹ́. Ẹ sọ fún Màmá pé kò dára kí a sọ fún irú ọmọlúàbí bẹ́ẹ̀ pé oògùn rẹ̀ kò bá ni lára mu, ojú á tì í. Àjíǹde kọjá, ara yín yá, ẹ kò sì rí ìdí tí ẹ fi máa padà sí i. Rọpárọsẹ̀ ló wá bá yín nílé. Bàbá, inú bí mi sí yín láàárọ̀ ọjọ́ náà. Inú bí mi gan-an. Kí ló dé tí ẹ kò sọ? Ọmọ yẹn ìbá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ̀yin ìbá sì wà níbí tí ẹ ó máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀.

Màmá ní, "Lọ sọ fún wọn. Bí o bá débẹ̀, má ṣe dúpẹ́ o!"

Mo sunkún díẹ̀. Mo bu omi, mo sì gbé oògùn náà mì.

Lójú ọ̀nà ọsibítù, mo ń fi ohun tí n óò sọ kọ́ ẹnu bí ọmọ tó fẹ́ ka àkọ́sórí. Dókítà ní, "Báwo ni ara, sà?" Ẹnu mi ní, "A dúpẹ́." Ó ti bọ́! A sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo dìde, mo dé ẹnu ilẹ̀kùn, mo yí padà. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, n kò dúpẹ́." Ó gbójú sókè. Mo bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ikọ́, ìtọ̀, dẹ́rẹ́bà, títí kan ẹ̀yin. Ojú kò tì í rárá, bàbá. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ ti dẹ́rẹ́bà. Nígbà tó gbọ́ tiyín, ó fa fáìlì mi mọ́ra. Ó ní oògùn náà máa ń ṣe àwọn kan bẹ́ẹ̀, pé òmíràn wà. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó sì ní bí mo bá ń rìnrìn àjò, kí n dé ibi tí mo ń lọ kí n tó lo ti omi. Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyẹn? Gbogbo ẹ̀ nìyẹn.

Ikọ́ lọ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n oògùn tuntun kò wá lọ́wọ́ òfo. Ẹsẹ̀ lòun ń mú wú. Láàárọ̀ Ìkórè, nínú ilé wa ní Oǹdó, bàtà mi kọ ẹsẹ̀ mi. Mo tì í, mo fà á, ìyàwó yín kúnlẹ̀ bá mi tì í, pàbó ló já sí. Màmá wọ yàrá lọ, ó gbé bàtà dúdú yín jáde, èyí tí àwọn akọrin máa ń sọ pé ó ń dé ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú yín. Ó ti kùn ún dán. Àkísà síńgílẹ́ẹ̀tì yín tí ẹ máa ń fi kùn ún ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé ló ṣì fi ń ṣe é. Nígbà kékeré, ẹsẹ̀ mi a máa sọnù sínú bàtà yẹn. Lọ́jọ́ Ìkórè, ó bá mi mu rẹ́gí. Màmá wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó ní kí n yára, wọ́n ti ń lu agogo.

Mo dúró ní àyè yín, mo kọ orin yín. Mo gbé ohùn lọ sísàlẹ̀ níbi tí ẹ máa ń gbé e lọ, ikọ́ kò sì wá. N kò kọ ọ́ tó yín. Bàbá tó ń tẹ dùùrù sọ bẹ́ẹ̀ fún mi láìjẹ́ pé mo bi í. Ṣùgbọ́n Màmá ń sunkún, ó tún ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn dé góńgó. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ṣé orin máa ń dé ọ̀hún?

Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, mo ń padà lọ bá dókítà nítorí ẹsẹ̀ wíwú yìí. Bàtà yín ni n óò wọ̀ lọ, kí ó lè fojú ara rẹ̀ rí i. Bí ó bá tún oògùn ṣe tí ẹsẹ̀ fi fọn, bàtà náà á tún tóbi jù fún mi, ìyẹn sì ń dùn mí díẹ̀. N óò sọ fún un síbẹ̀.

Mo mọ̀ pé bí ẹ bá rí mi báyìí, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ bi mí ni pé báwo ni ara. Ẹ jẹ́ kí n dá yín lóhùn bí ẹ kò ṣe kọ́ mi. Ẹsẹ̀ mi wú, bàbá. Mo ń tọ̀ ṣáá. Àárò yín ń sọ mí. Ṣùgbọ́n mo ti lo oògùn tòní.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín,
béèsì kékeré.