Iṣẹ́ Sátidé Wa Lórí Afẹ́fẹ́ Alásíkà

Dádì mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mi ò mọ̀ bóyá bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti lọ sọ́run nìyẹn, àmọ́ mi ò fẹ́ fi ẹkún bẹ̀rẹ̀.

Òkùnkùn ti padà sí Alásíkà, ẹ̀rọ tí ẹ fi ń wo sánmà níbẹ̀ sì ti lajú. Gbogbo ìgbà tí oòrùn ò wọ̀ lọ́hùn-ún ni wọ́n fi bò ó lójú. Ní báyìí ó tún ti ń wo iná aláwọ̀ ewé yẹn tó máa ń rìn lójú sánmà. Ṣé ẹ rántí bí ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi lórí freeway? Áńbúláǹsì kan kọjá, ẹ ní kí n gbọ́ bí ohùn ẹ̀ ṣe yí padà bó ṣe ń jìnnà. Ẹ ní bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń ṣe nìyẹn: bí afẹ́fẹ́ bá ń gbé e bọ̀, àwọ̀ ẹ̀ á yí díẹ̀, bó bá ń gbé e lọ, á yí sí òdìkejì. Ibẹ̀ lẹ ti ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń sáré lókè tente, níbi tí ọkọ̀ òfúrufú ò lè dé. Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́ torí inú ń bí mi lọ́jọ́ yẹn. Mo gbọ́ o, Dádì.

Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ni iṣẹ́ yín ò yé rí. Díákónì yẹn, bó bá ti rí yín báyìí: “Brother Afẹ́fẹ́, ṣé yìnyín máa fọ́ mọ́tò mi lọ́sẹ̀ yìí?” Ẹ̀yin á ní, “Díákónì, afẹ́fẹ́ tèmi ò mọ̀ pé ẹ ní mọ́tò.” Síbẹ̀, bẹ́ ẹ bá ń ra gas sí mọ́tò ní Euless níbí, ẹ á fi itọ́ pa ìka, ẹ á nà án sókè kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Kí lẹ ń wá nísàlẹ̀ níbí gan-an?

Ọ̀gá yín ní yunifásítì bi mí bóyá mo lè máa ṣe iṣẹ́ tí a jọ máa ń ṣe ní Sátidé, kí n máa wo àwòrán tí ẹ̀rọ fi ránṣẹ́, kí n máa yọ àwọn tí ìkùukùu bò. Ìkùukùu máa ń da ìmọ́lẹ̀ gbogbo apá sánmà pọ̀, ẹ̀rọ á wá rò pé afẹ́fẹ́ ò fẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Tí irú irọ́ yẹn bá wọ inú kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe ń rìn, ó bàjẹ́ nìyẹn. Mo fẹ́ ẹ gan-an. Òun nìkan ni nǹkan tiyín tí mo mọ̀ ọ́n ṣe.

Mọ́mì ní rárá. Ó ní Sátidé ni kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ wa níṣẹ́ nọ́ọ̀sì. “Afẹ́fẹ́ tí ẹnì kankan ò fi mí, òun lo fẹ́ máa lé kiri?” Mo gbá ilẹ̀kùn. Mi ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. Ṣé ó máa ń dùn ún pé ẹ ń wo Alásíkà ju òun lọ ni?

Lánàá, ó ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá mi nídìí kọ̀ǹpútà yín. Mo rò pé ó máa pa á. Ó fa àga, ó jókòó tòun ti aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn. Mo fẹ́ kọ ọ́ pé àwòrán kan mọ́, ló bá na ìka.

“Ìkùukùu nìyẹn.”

“Mọ́mì, ẹ ò mọ̀ ọ́n.”

“Ó dáa, wá ìràwọ̀ fún mi níbẹ̀.”

Mo wá a. Kò sí ẹyọ kan, ìkùukùu ti bò wọ́n. Àwọ̀ ewé ló kàn tàn kálẹ̀ bí ọṣẹ nínú omi. A wo òmíràn, òun náà ló tún mọ̀ ọ́n. Mo yíjú wò ó.

“Ta lo rò pé ó ń bá Dádì ẹ wò ó kí n tó bí ẹ?”

Ó ní kí n lọ sí kíláàsì láàárọ̀, kí afẹ́fẹ́ jẹ́ ti ọ̀sán. Lẹ́yìn náà ó lọ gbé ìrẹsì kaná.

Dádì, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi rí pé iṣẹ́ Mọ́mì lẹ gbé fún mi? Ṣé ẹ bi í kẹ́ ẹ tó ṣe é? Sátidé tó ń bọ̀, àga méjì ni mo máa gbé síbẹ̀.

Èmi ni,
ọmọ yín tí ojú ẹ̀ máa ń le, tí ìfẹ́ yín ò sì kúrò lọ́kàn ẹ̀.