Mi Ò Lè Gé Wọn Kúrò Nínú Fọ́tò Náà

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà lórí wa. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá. Mo kí Ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé àti ìyàwó wọn. Ẹ bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra. Ara mi le, àfi sísín. Àsìkò tí igi ń tú lẹ́búlẹ́bú sílẹ̀ ti dé, mọ́tò mi dúdú ti di ẹni tí wọ́n yí nínú gàrí alépo. Mo lè sín ní Austell kí wọ́n máa kí mi ní pẹ̀lẹ́ láti Loganville tó jìnnà réré! Àárò yín ń sọ mí gan-an, Màmá. Kò sẹ́ni tó ń kì mí níbí.

Mo rí fọ́tò Bọ̀dá Sọjí, àbúrò yín, tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp fún ìwé ìrántí ọdún kẹwàá tí wọ́n ti pa ipò dà. Ẹ ní kí n gé ọkùnrin tó jókòó tì wọ́n kúrò, pé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mo sá ń ṣe. Ìṣẹ́jú kan ni, lóòótọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mi ò lè ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, kí ẹ má baà ní Amẹ́ríkà ti kọ́ mi ní àfojúdi.

Mo sọ fún yín pé ìwé àwọn ará Ireland ni mò ń tò ní ilé ìkàwé kan. Ẹ̀gbọ́n mi Káyọ̀dé ní ẹ ti ròyìn fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì pé ará Áílándì ni mò ń bá ṣiṣẹ́, tí Ìyá Ìjọ sì ń béèrè bóyá mo mọ ẹbí àwọn ní Ọbáléndé. Háà, Màmá! Kì í ṣe Áílándì ti Èkó o. Ìlú òyìnbó ni, lẹ́bàá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn ìpàtẹ àwòrán wọn là ń kó jọ, ti àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti àwọn obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin. Mo mọ̀ pé ẹ ti pariwo Jésù báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dópin. Ẹ̀rù yín ló bà mí tí mi ò fi sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Aunty Nora ló ni àwọn ìwé náà. Ará Ireland ni wọ́n, wọ́n ti dàgbà, Conyers níbí ni wọ́n ń gbé. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí wọn, wọ́n rò pé nǹkan mi ló já bọ́, làwọn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí wá a nílẹ̀ pẹ̀lú mi. Nígbà èwe wọn, òkè ilé ọtí ni àwọn àti ọ̀rẹ́ wọn ń pàtẹ sí, tàbí yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, ibikíbi tí wọ́n bá ti lè gbà wọ́n, torí òfin ò fẹ́ wọn nígbà náà. Ìwé ìkésíni àti fọ́tò ló kù, gbogbo rẹ̀ nínú agolo bísíkíìtì.

Àwòrán kan wà níbẹ̀, ọkùnrin kan tó ń bó pòtétò. Òun àti ẹni tó yà á jọ gbé fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Nígbà tó kan kí n kọ ẹni tó jẹ́, mo kọ “ọ̀rẹ́ ayàwòrán.” Mo rò pé mo ṣe dáadáa ni, ṣebí ẹ̀yin lẹ kọ́ mi kí n máa bo àṣírí ọmọnìkejì. Aunty Nora kà á, wọ́n bọ́ jígí ojú wọn. Wọ́n ní lọ́jọ́ ìpàtẹ, ọ̀rẹ́ ni wọ́n pè é; níbi ìsìnkú ayàwòrán, ẹbí ní ayálégbé ni; èmi náà tún ti dá tèmi sí i. Ojú tì mí. Mo ṣàlàyé pé àdúrà ni lédè wa, kí Ọlọ́run bo àṣírí ẹni. Wọ́n ní àdúrà dáadáa ni, ṣùgbọ́n ṣé ẹni tí à ń bò ló bẹ̀ wá ni, àbí àwa là ń tijú?

Ẹkún ni mo sun lójú títì márosẹ̀ I-20 títí mo fi délé. Bọ̀dá kejì inú fọ́tò yẹn, tí ẹ ní kí n gé kúrò, ni mò ń rò. Mi ò ní dárúkọ wọn, torí ọwọ́ ẹlòmíì lè tẹ lẹ́tà yìí, mo sì mọ òfin ilẹ̀ wa. Àwọn ló ń wẹ̀ fún Bọ̀dá Sọjí títí àìsàn yẹn fi mú wọn lọ. Lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ̀yìn la fi wọ́n sí, láàrin àwọn aládùúgbò. Ẹ̀yin náà mọ̀, Màmá. Súwẹ́tà méjì lẹ máa ń hun ránṣẹ́ sí Jos níbi tí wọ́n jọ ń gbé lọ́dọọdún, ẹ ó ní ọ̀kan fún Sọjí, ọ̀kan fún ẹnìkejì ẹ̀. Ìfẹ́ yín lẹ fi hun ún, mo jẹ́rìí sí i.

Bọ̀dá yẹn máa wá síbi ìrántí náà, wọ́n á sì ṣí ìwé yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n lórí fóònù. Ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ wà níbẹ̀, àti ohun tí wọ́n fẹ́ kí á kọ sábẹ́ fọ́tò. Bí wọ́n bá ní kí á yọ àwọn, màá gé e lọ́jọ́ náà gan-an. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ láti ẹnu wọn, Màmá mi, kó má jẹ́ láti ẹnu tiwa.

Ẹ ó pẹ́ fún wa, ẹ ò ní ṣàárẹ̀. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, àti Ìyá Ìjọ.

Èmi ni ọmọ yín,
Bùsọ́lá.