Gòjé Àwọn Ará Ṣáínà

Abúlé Alápatà,
Ọ̀nà Ìsẹ́yìn.
Ọjọ́ kejì ọjà.

Gbádébọ̀ Àjàní ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù ibẹ̀ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́, àwọn arúgbó òyìnbó tí ò ń tọ́jú ní Becontree nílùú ọba ńkọ́, ṣé wọ́n ń jẹ́ kí o wẹ̀ fún wọn láìjà? Olúwa tó mú ọ débẹ̀ kò ní fi ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Àwa náà wà. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ewúrẹ́ ìyá rẹ bí méjì, abo ni méjèèjì. Baba Oyèyẹmí ṣì ń bá mi bínú lórí ọ̀rọ̀ ààlà oko, ṣùgbọ́n ó ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi bí ó ti ń bínú náà.

Fídíò tí o fi ránṣẹ́ ti dé ọwọ́ mi, èyí tí o fi hàn wá bí àwọn ará Ṣáínà ṣe pé jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Barking tí wọ́n ń kọ orin ilẹ̀ wọn, tí o ní Jésùfẹ́mi tí ẹ jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ní Rippleside ló fún ọ ní tíkẹ́ẹ̀tì. Ó kọ́kọ́ kọ̀, kò wọlé. Fóònù mi kọ ọ́ síta pé òun ti kún. Mo gbé e sétí, mo gbọ̀n ọ́n wò, mi ò gbọ́ kí nǹkan kan mì nínú rẹ̀. Àdùnní àbúrò ìyá rẹ ní àwòrán ló kún inú rẹ̀, ó sì bá mi yọ àwòrán ìwúyè Baálẹ̀ kúrò kí àwọn ará Ṣáínà lè ráyè wọlé. Má sọ fún Baálẹ̀.

Mo wẹ̀, mo dé fìlà kí n tó jókòó wò ó, nítorí èrò tó pọ̀ tó yẹn kò gbọdọ̀ bá mi pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì lọ́rùn. Bí mo ṣe rí i pé gbogbo wọn dákẹ́, èmi náà dákẹ́, ikọ́ ń yọ mí lẹ́nu, mo gbé e mì. Ìgbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ ni mo tó ráyè wú u.

Orin àkọ́kọ́ ló dùn mọ́ mi jù, èyí tí olúkúlùkù ń ṣe tirẹ̀ tí ẹnìkan ò dúró de ẹnìkan, bí ìgbà tí gbogbo ìjọ bá ń gbàdúrà lẹ́ẹ̀kan náà. Àdùnní ní ohùn ni wọ́n ń yẹ̀ wò, pé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Mo ní kí wọ́n má wulẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ọkùnrin kan wá jáde, ó tẹríba lẹ́ẹ̀kan, ó sì kọ ẹ̀yìn sí gbogbo àgbààgbà tó jókòó, ó mú pàṣán tẹ́ẹ́rẹ́ kan lọ́wọ́. Àyà mi já fún àwọn ọmọge tó ń fun fèrè níwájú rẹ̀. Ó fì í sókè, ó fì í sísàlẹ̀, kò na ẹnìkan títí wọ́n fi ṣe tán. Mo gbóríyìn fún sùúrù rẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìyá àgbà kan jókòó sáàárín, tó gbé ohun èèlò kan lé itan. Gbádébọ̀, gòjé ni. Wọ́n lè pè é ní ohun tó wù wọ́n ní Ṣáínà, okùn méjì ló wà lára tiwọn, ọ̀kan ni tiwa, ṣùgbọ́n gòjé ni. Awọ ni wọ́n fi bò ó, ìrù ẹṣin ló wà lára igi tí wọ́n fi ń ta á. Mo tiẹ̀ rí fọ́nrán irun kan tó já tó ń mì lẹ́nu igi náà. Bí ohùn rẹ̀ ṣe jáde, mo rántí ìyá rẹ níbi tó ti máa ń jókòó ṣa ẹ̀wà, tí yóò ní kí n ta á sí i.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Mi ò rí ọ, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. Ẹnìkan ń fa imú lẹ́yìn fídíò náà. Àdùnní ní òtútù ni. Mo ní kó dá a padà sẹ́yìn, a gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀meje. Obìnrin tó jókòó tì ọ́ béèrè ọ̀rọ̀ kan lédè òyìnbó, ìwọ sì dá a lóhùn ní Yorùbá pé, “Kò sí nǹkan kan.” Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, a jẹ́ pé nǹkan wà. Èmi ni mo pọ̀n ọ́ nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ dùbúlẹ̀, ẹkún ọmọ mi kì í ṣe ohun tí Àdùnní yóò túmọ̀ fún mi.

Mo wá ronú. Láti ìgbà tí a ti sin ìyá rẹ, oṣù mọ́kànlá rèé, o ò jẹ́ kí a fojú rí ọ lórí fóònù. Bí mo bá ní kí a rí ara wa, o máa ní ojú fóònù rẹ ti fọ́. Mo ti bá ọ kẹ́dùn ojú fóònù yẹn, mo tiẹ̀ mú un lọ sínú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú fóònù tó rí fọ́nrán ìrù ẹṣin kan ṣoṣo lọ́wọ́ ìyá àgbà, ṣé òun ló fọ́?

Ọmọ mi, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ni kò jẹ́ kí o wá sin ín. Bí o bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kí o wọlé mọ́. Gbogbo ìdílé mọ̀, kò sì sẹ́ni tó bú ọ. Ìyá rẹ fúnra rẹ̀, kó tó dákẹ́, ó ní, “Ẹ má jẹ́ kó wá o, kó jókòó ti iṣẹ́ rẹ̀.” N kò sọ fún ọ, mo rò pé o mọ̀. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, ó sì dùn mí.

Ọjọ́ tí mo ta gòjé lórí ibojì rẹ̀ ni mo so ó rọ̀ sí àjà, mi ò fọwọ́ kàn án mọ́. Ìyá àgbà yẹn ló jẹ́ kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lánàá. Eku ti jẹ ìrù ẹṣin rẹ̀ tán. Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí n fi ra ìrù ẹṣin lọ́wọ́ Hausa tó ń sin ẹṣin ní Sábó, kí Àdùnní sì fi ìyókù ra dátà. Má fi í sí báńkì, nítorí ẹ̀rọ ẹnu ọ̀nà wọn gbé káàdì mi mì lóṣù tó kọjá, mi ò tíì bínú tán. Àdùnní ni kó o fi ránṣẹ́ sí. Mo fẹ́ ká lẹ́tà yìí pọ̀ kó má baà kà á, ó ní bí mo bá ká a, fóònù kò ní lè yà á fi ránṣẹ́ sí ọ. Ó ti kà á, ó ń nu ojú.

Ọlọ́run yóò bá ọ wá ìwé náà rí. Ọ̀nà rẹ kò ní dí, o ó padà wá bá mi lójú ayé. Lọ́jọ́ Àìkú tó bá tẹ̀lé ìgbà tí ìrù ẹṣin náà bá dé, lẹ́yìn ìsìn, n óò wẹ̀, n óò dé fìlà, n óò sì ta gòjé náà fún ọ lórí fóònù bí mo ṣe ta á fún ìyá rẹ. Yí fóònù yẹn kúrò lára àwọn ará Ṣáínà, kọ ọ́ sí ara rẹ. Bí ẹkún bá gbọ̀n ọ́, sun ún lójú mi.

Èmi ni bàbá rẹ,
Adébóyè.