Olóògbé Adébùsóyè Oríọlá: Olórí Ẹ̀ṣọ́ Oko Tí Kò Gbọ́ Ìpè

Ìta-Ògbólú ni wọ́n ti bí Olóògbé Adébùsóyè Oríọlá ní ọdún 1958, sínú ìdílé ọdẹ. Bámidélé Oríọlá ni bàbá wọn. Ìyá wọn, Àbẹ̀bí, a máa ta epo pupa. Wọ́n ka ìwé mẹ́fà nílùú wọn. Kí wọ́n tó kà á tán ni bàbá wọn ti gbé ìbọn ṣakabùlà lé wọn léjìká, nítorí ọmọkùnrin kì í dàgbà nílé Oríọlá láìmọ bí a ṣe ń ki ìbọn.

Ní ọdún 1986, wọ́n gbé Wúrà, ọmọ bíbí Oǹdó, níyàwó. Oko kòkó ni wọ́n jọ fi tọ́ ọmọ mẹ́ta. Alàgbà ni wọ́n nínú ìjọ. Lẹ́nu ọdún díẹ̀ yìí, ohùn wọn a máa bo ti gbogbo akọrin mọ́lẹ̀, a ó sì máa rẹ́rìn-ín. A kò mọ̀ pé ariwo ìbọn ti ba etí wọn jẹ́. Màmá wa, Wúrà, nìkan ló mọ̀, Olóògbé sì ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má sọ, kí ìlú má baà gba ìbọn lọ́wọ́ wọn.

Ní ọdún 2021, àwọn ajínigbé bẹ̀rẹ̀ sí kó àgbẹ̀ lóko. Ìlú fi Olóògbé ṣe olórí ẹ̀ṣọ́ oko. Àwọn fúnra wọn ló ṣòfin: ẹni tí ẹ kò bá dá mọ̀, ẹ pè é lẹ́ẹ̀mẹta, bí kò bá dáhùn, ẹ yìn ín níbọn. Gbogbo wa la pàtẹ́wọ́. Láti ìgbà náà, ìbọn di bí àdá láàrin wa. A ń gbé e ti ògiri ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọmọdé ń fò ó kọjá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025, ọyẹ́ bo gbogbo oko. Olúgbémiga, àkọ́bí wọn, ló ń ṣọ́nà. Ó rí ẹnì kan tó bẹ̀rẹ̀ sábẹ́ kòkó. Ó pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni náà kò dáhùn. Ó yìnbọn. Nígbà tó débẹ̀, bàbá rẹ̀ ló bá nílẹ̀.

Olóògbé lo ọjọ́ mẹ́ta ní ọsibítù l'Ákùúrẹ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá Màmá sọ kẹ́yìn nìyí: “Má jẹ́ kí wọ́n lé Gbémiga kúrò létí sàréè mi. Mo mọ̀ pé ó pè mí. Etí mi ni kò gbọ́.”

Àwọn àgbà kan ní ọwọ́ tó ta ẹ̀jẹ̀ bàbá sílẹ̀ kò gbọdọ̀ bu iyẹ̀pẹ̀ sí i. Ẹ forí jì wá: Olúgbémiga ni yóò kọ́kọ́ bu iyẹ̀pẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá gbà á, kó máa lọ sílé. Ẹ̀yin ọdẹ, a kò ní kí ẹ má gbé ìbọn wá, torí ọ̀nà kò tíì dára, a ò sì mọ ìgbà tí yóò dára. Ṣùgbọ́n ẹ má yìn ín. Etí wa kò gbà á mọ́.

Àwọn tí Olóògbé fi sáyé lọ ni aya wọn, Wúrà. Àwọn ọmọ wọn, Olúgbémiga, tí kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà, Ọláyẹmí àti Yọ̀mí. Àti ọmọ-ọmọ mẹ́rin.

Ẹ sùn re o, ọmọ Oríọlá. Kí Ọlọ́run là yín létí níbi tí ẹ ń lọ. Bí Olúgbémiga bá sì pè yín létí sàréè lónìí, ẹ jọ̀ọ́, bàbá wa, ẹ dá a lóhùn.