Ẹdun Tí Wọ́n Ń Gbé Wá Bá Kẹ́hìndé

Kẹ́hìndé, ọmọ mi,

Ṣé òtútù ìlú òyìnbó ò mú ọ jù? Ìyàwó àti àwọn ọmọ ńkọ́? Bàbá rẹ kí ọ. Oògùn tí o fi ránṣẹ́ ti jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fúyẹ́, ó tún ti ń bá gbogbo àdúgbò wa ní Igbein jà. Ọṣẹ àti mílíìkì wọ́n bí ojú.

Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti ka lẹ́tà rẹ, ara mi ò balẹ̀. Mo jókòó, mo dìde. O ní ẹ ń la orí ẹdun láti mọ bí ọpọlọ èèyàn ṣe di ńlá. O ní ẹ kì í pa wọ́n, inú igbó ni wọ́n ti ń kú fúnra wọn. Mo gbọ́. Ṣé o wá gbàgbé pé ẹbí kan náà ni ìbejì àti ẹdun ni?

Nígbà tí Táyé ò dúró, àwọn àgbà ní n ò gbọdọ̀ sọ pé ó kú, kí n máa sọ pé ó lọ ṣẹ́gi nínú igbó. Ohun tí mò ń sọ títí dòní nìyẹn.

N ò ní kí o fiṣẹ́ sílẹ̀ o. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ ṣìṣe. Àmọ́ bí wọ́n bá tún gbé ọ̀kan wá láti inú igbó, jọ̀ọ́, wo ojú rẹ̀ dáadáa kí o tó mú ọ̀bẹ. Ẹni tó lọ ṣẹ́gi ò tíì dé.

Èmi ni ìyá rẹ,
Asiata